Ojú Ìgèrè Tí Mo Dí

Ẹja máa ń ké. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ lórí òkun rí kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àbùmọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ẹja kan wà tí a ń pè ní olókùúta nílé wa, nítorí pé òkúta funfun méjì wà nínú orí rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí wọ́n bá fà á jáde nínú omi, á máa kùn láti inú wá, kùrù, kùrù, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń kùn, ẹ̀rín ló máa ń pani. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà tí wọ́n máa ń tú àwọ̀n sílẹ̀ lórí ọkọ̀ wa láàárọ̀, tí àwọn kéékèèké tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ á jọ máa kùn lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí n kò lè ka iye wọn. Mo wọ bàtà rọ́bà, mo sì ń rìn lórí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, inú mi sì ń dùn pé mo ti ríṣẹ́.

Èmi kì í ṣe ọmọ òkun. Towé, lẹ́bàá Pobẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, omi tó sì tóbi jù tí mo mọ̀ ní kékeré kò ju àbàtà tó máa ń kún lásìkò òjò lọ. Bàbá mi ń gbin àgbàdo, ó sì ń gun ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n káàkiri ni ìgèrè híhun. Yóò la imọ̀ ọ̀pẹ sí wẹ́wẹ́, yóò fá a títí yóò fi rọ̀, yóò wá hun ún kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹja tó bá gba ẹnu wọlé kò ní lè gba ẹnu jáde mọ́, ìdí ni a ti ń tú u dà sínú agbọ̀n. Nítorí náà, bàbá mi ní kókó kan tó fi ń so ìdí ìgèrè. Bí omi bá ṣe ń fà á tó ni yóò ṣe máa le sí i, ṣùgbọ́n bí o bá fa etí okùn náà lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ á tú. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ kókó yìí, mo sì jẹ ìkó lórí rẹ̀ dáadáa.

Ohun kejì tí bàbá kọ́ mi ni ojú tí a kì í hun. Ní ẹ̀gbẹ́ ìgèrè, nítòsí ìdí, ó máa ń fi àlàfo kan sílẹ̀, yóò sì ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí àtàǹpàkò bá kọjá láìha, ìgèrè pé nìyẹn. Èyí tí kò bá kọjá, yóò tú u palẹ̀, ìbáà ṣe pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣebí ẹja ń gba ibẹ̀ sá lọ.

Ó ní, “Ọmọ ló ń gba ibẹ̀ lọ. Ìyá ẹ̀ ò lè gba ibẹ̀. Àbí o ò fẹ́ jẹ ẹja lọ́dún tó ń bọ̀?”

Mo ní mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní ọ̀làjú ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí. Mo ti lọ sí lékọ́ọ̀lù títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pobẹ̀, mo sì mọ Faransé díẹ̀, kí wá ni ẹni tó ń fi àtàǹpàkò wọn nǹkan fẹ́ sọ fún mi?

Ìyá wa tètè kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti lọ́kọ sí Sakété, ló gbà mí tọ́. Iṣẹ́ ẹja yíyan ló ń ṣe. Yóò wọ tasí lọ sí etí òkun ní Sèmè, yóò ra ẹja tútù, yóò gbé e wá sílé nínú bàsíà pẹ̀lú yìnyín, yóò fi èèpo àgbọn yan án lórí ààrò mẹ́ta tó wà lẹ́yìnkùlé, yóò sì gbé e lọ sí ọjà Pobẹ̀. Àwọn aláta àti àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá máa ń dúró dè é. Ọwọ́ obìnrin kan ṣoṣo ló ti ń rajà ní etí òkun, ìyàwó apẹja kan, ará Gun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ọ̀pá àti àwọ̀n fífà pẹja. Ìyá etí òkun ni gbogbo wa ń pè é. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti bára wọn ṣòwò láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní ìyàwó tuntun. Ọ̀kan ń sọ Gun, èkejì ń sọ Ànàgó, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ìyá etí òkun a máa ya olókùúta tó bá tóbi jù sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi a sì máa sè é fún wa ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí a bá jẹ orí rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi á fọ òkúta méjèèjì, á jù wọ́n sínú àwo amọ̀ dúdú kan tó wà lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi wọ́n ta ayò. Òkúta ìgbà náà tó ẹ̀wà ńlá, òmíràn tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dán, ó sì funfun bí eyín.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló bẹ ìyá etí òkun nítorí mi nígbà tí n kò ríṣẹ́. Àna ìyá náà ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń pa edé láti Kútọnù, ló bá bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí mi, wọ́n gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra bàtà rọ́bà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fún mi. Nígbà tí mo fẹ́ wọ mọ́tò ní Sakété, ó tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, ó ní, “Àbúrò mi, rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.” Mo ní mo ti gbọ́.

Iṣẹ́ ọkọ̀ náà kò le láti lóye. Àwọ̀n ńlá kan wà tí ọkọ̀ ń wọ́ tuurutu nílẹ̀ òkun, ohunkóhun tó bá pàdé, ó ti kó o nìyẹn. Edé nìkan ni olówó ọkọ̀ fẹ́, nítorí pé edé ni àwọn òyìnbó ń rà. Ṣùgbọ́n edé kì í dá gbé. Bí a bá tú àwọ̀n, edé tó kún agbọ̀n kan á wà lábẹ́ òkìtì nǹkan mìíràn tó ga dé orúnkún: ọmọ olókùúta, ọmọ ẹja abó, akàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì le, nígbà mìíràn ìjàpá òkun tó ti kú sínú àwọ̀n. A ó lóṣòó, a ó ṣa edé. Èyí tó kù, a ó fi pẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń kó yanrìn gbá a padà sómi. Òkú ni a ń dà sómi. Àwọn ẹyẹ mọ ọkọ̀ wa dáadáa, wọ́n á máa tẹ̀ lé wa. A kò pe nǹkan wọ̀nyí ní ẹja rárá, rèjẹ́ ni à ń pè wọ́n, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ohun tí a kọ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti yá tó kí ẹnu mi tó mọ́ ọn.

Ìjọba ti ṣe òfin kan sí i. Wọ́n ní gbogbo àwọ̀n edé gbọ́dọ̀ ní ojú kan lókè, nítòsí ìdí rẹ̀, tí ìjàpá òkun àti ẹja yóò lè gbà jáde. Ojú àjàbọ́ ni àwa ń pè é. Àwọn tí ìjọba rán a máa fi ọkọ̀ kékeré tó ń sáré wá bá wa lójú omi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kapitẹ́nì wa kórìíra ojú náà bí ẹni kórìíra àna burúkú. Ó ní edé ń bá ẹja gba ibẹ̀ lọ. Wáyà ni wọ́n fi ń dí i, ṣùgbọ́n títú wáyà kì í yá, ó sì ku díẹ̀ kí àwọn tí ìjọba rán mú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kan, kapitẹ́nì jókòó sórí okùn, ó ń ráhùn.

Ó ní, “Tí a bá dí i, wọ́n á mú wa. Tí a ò bá dí i, kí la fẹ́ kó délé?”

Kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí yé yín dáadáa, nítorí pé mo ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti rántí pé wọ́n fi ipá mú mi, n kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ló yá. Mo dìde, mo ní, “Kapitẹ́nì, mo mọ kókó kan.”

Mo so ó lójú wọn. Kókó ìdí ìgèrè bàbá mi ni. Mo fi ran ojú àjàbọ́ náà pa, mo ní kí wọ́n fà á, ọkùnrin mẹ́ta fà á, ńṣe ló ń le sí i. Mo wá fi ìka méjì fa etí okùn, gbogbo rẹ̀ tú, ojú náà sì là. Kapitẹ́nì pariwo, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní ọmọ Pobẹ̀ yìí, ta ló bí ọ? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọ̀gá Okùn. Kókó bàbá mi, ẹni tó ń fi ojú sílẹ̀ fún ọmọ ẹja, ni mo fi há wọn mọ́, orí mi sì wú débi pé n kò rí ohun tí mo ń ṣe.

Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò dé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, èmi ni mo dúró ti àwọ̀n. Mo ti fa okùn kí wọ́n tó gun ọkọ̀. Ọ̀gá wọn ki ọwọ́ bọ ojú náà títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní, “Sẹ́ bọ̀n,” èyí ni pé ó dára, ó kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kapitẹ́nì fún mi ní edé ńláńlá kún àpò kan. Mo gbé e lọ sí Sakété, ẹ̀gbọ́n mi sè é, gbogbo ilé jẹ, ó sì gbàdúrà fún mi pé bí mo ṣe ń bọ́ wọn, Ọlọ́run yóò máa bọ́ mi. Mo ṣe àmín.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọdún kejì ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹja ń kéré. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tó yá, ààrò kan nínú mẹ́ta kò gbóná mọ́, lẹ́yìn náà ó ku ẹyọ kan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Pobẹ̀ ń yí ẹja rẹ̀ wò, wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Mo wá kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òkúta tí mo rí nínú orí ẹja tí mo jẹ kò tó hóró àgbàdo. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mi, mo sì tutọ́ rẹ̀ síta níkọ̀kọ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, àbí kí n ní mo mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó tì mí.

“Ìwọ tó wà nínú ọkọ̀ ńlá,” ó ní, “ìwọ ni mo lè bi. Kí ló ń ṣe ẹja òkun? Ìyá etí òkun ní àwọn ọmọ òun a fa àwọ̀n láti àárọ̀, koríko ló máa ń kún inú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?”

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ti wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n mo wo bàtà rọ́bà tó rà fún mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú tì mí, mo sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹja ò tán lókun o. Bóyá ẹlòmíràn ni ìyá yẹn ń ya àwọn ńlá sọ́tọ̀ fún báyìí.”

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó. N kò rò pé yóò ju ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún lọ sí Sèmè, ó sọ ọ́ sí ìyá náà lójú, níwájú àwọn obìnrin mìíràn. Ó ní ó ti ń fi ẹja òun fún ẹlòmíràn, ó sì ń fi koríko tan òun jẹ. Wọ́n ní ìyá náà kò bá a jà. Ó bú sẹ́kún ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bàsíà rẹ̀ òfìfo, kò sì padà sí ibẹ̀ mọ́. Ó lọ ń ra ẹja kọnjelé, ẹja oníyìnyín inú páálí, tí ó ti òkèèrè wá, tó ti kú kí òun tó mọ̀ pé wọ́n bí i, bó ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí yẹ̀yẹ́ náà.

Ọdún kò yí ká tí ìyá etí òkun fi kú. Àna rẹ̀ tí a jọ wà nínú ọkọ̀ ló sọ fún mi. Mo lọ sí Sakété lọ jíṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń gé ẹja páálí lọ́wọ́. Ó ní, “Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere,” ó sì ń gé ẹja rẹ̀ lọ. Kò lọ sí ìsìnkú náà. Èmi lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ará Sakété ni mí, ọmọ olóògbé obìnrin tó dàgbà jù mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi bàsíà kékeré kan hàn mí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ó ní, “Ti ẹ̀gbọ́n yín nìyí. Inú ẹ̀ ni ìyá ń ya ẹja tó bá tóbi jù sí fún wọn. Lẹ́yìn ìjà náà pàápàá, ìyá ò yé yà á sọ́tọ̀. Wọ́n á ní ó ń bọ̀, inú ló ń bí i. Bó bá di ọjọ́ kejì tí kò wá, a ó sè é jẹ.”

Mo bi í bí ẹja tó tóbi jù náà ṣe tóbi tó. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. N kò lè jẹun nílé òkú náà. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọ̀pá wọn tí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé sórí yanrìn, tí koríko ti ń hù lábẹ́ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ kíkùn àwọn ẹja wọ̀nyẹn létí mi.

Mo fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní oṣù náà, mo padà sí Towé. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé òkun ń já mi láyà. Bàbá mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, èmi ni mo wá ń hun ìgèrè. Nígbà tí mo hun àkọ́kọ́ tán, ó ní kí n gbé e wá. Ó fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi rí àlàfo náà, ó ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó kọjá.

“O ò gbàgbé,” ó ní. “O ṣe é, ọmọ mi. O ò gbàgbé.”

Àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá fara dà á. Ìyìn náà ló pa mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gun alùpùpù zémìjàn, mo lọ sí Sakété.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ààrò tó ti tutù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ojú àjàbọ́, kókó, rèjẹ́, irọ́ tí mo pa mọ́ ìyá etí òkun, àti bàsíà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ìwọ lo so ó?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Kókó bàbá wa?”

“Òun ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ó wọlé. Mo rò pé yóò mú igi jáde, mo sì ń retí rẹ̀. Àwo amọ̀ dúdú ojú fèrèsé ló gbé wá. Ó gbé e sọ́wọ́ mi, àwọn òkúta ńláńlá ìgbà náà sì ń dún nínú rẹ̀.

Ó ní, “Máa tọ́jú wọn. Ìwọ lo mọ ibi tí àwọn yòókù wọn wà.”

Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ tasí lọ sí Sèmè. Mo ní kí n sìn ín, ó ní rárá. Kò sọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bàsíà kékeré kan ló gbé dé, òun ló sì fi ń pọnmi títí di òní.

Bàbá ti lọ báyìí, èmi náà ti ń hu ewú. Mò ń gbé Towé, mò ń hun ìgèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń rà á kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì mí, tàbí kí n ní ó ti gbà mí padà, nítorí pé kò dá mi lójú pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé kí n tó kúrò nínú ọkọ̀, mo ti kọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin ní kókó náà. Wọ́n bẹ̀ mí, mo sì kọ́ wọn tayọ̀tayọ̀. Àwọn náà á ti kọ́ ẹlòmíràn. Bí mo bá gbọ́ pé ọkọ̀ edé ṣì wà lójú omi, mo máa ń wo ọwọ́ mi, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi wọ́n ṣe sí i.

Ní ọjọ́ ọjà Pobẹ̀ tó kọjá yìí, ẹ̀gbọ́n mi rí olókùúta kan rà lọ́jà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ó gbé e wá sí Towé, ó sè é, a pín in jẹ. Orí rẹ̀ ló fún mi. Mo rọra jẹ ẹ́ títí mo fi rí òkúta méjèèjì, wọn kò ju ìrẹsì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi na àtẹ́lẹwọ́, mo kó wọn sí i, ó wò wọ́n pẹ́, ó sì fi ẹnu júwe àwo dúdú náà fún mi. Mo kó wọn sínú rẹ̀. Wọ́n já sáàárín àwọn ńlá, a kò sì rí wọn mọ́.